O fowó ara ẹ ra ilé l'Amẹ́ríkà, wọ́n ní kó o gbàṣẹ kó o tó kùn ún lọ́dà!

Ní Ìfisìn-Èkìtì, n'ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó-Òsì, bí baálé ilé kan bá jí láàárọ̀ tó ní ọ̀dà pupa lòun fẹ́ fi kun ara ilé òun, àpò ẹ̀ nìkan ló máa bi léèrè. Ṣùgbọ́n kí ọmọ Ìfisìn kan lọ ra ilé sí Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí dáadáa, ojú ẹ̀ á rí nǹkan.

Ìlú Houston kò ní òfin tó ń ya àdúgbò ilé gbígbé sọ́tọ̀ kúrò lára àdúgbò ọjà, bíi tàwọn ìlú ńlá yòókù l'Amẹ́ríkà. Àdéhùn tó wà nínú ìwé ilẹ̀ ni wọ́n ń lò, ẹgbẹ́ àwọn onílé ló sì ń ṣọ́ ọ l'ọ̀pọ̀ àdúgbò. Béèyàn bá ti ra ilé níbẹ̀, ó ti wọ ẹgbẹ́ nìyẹn, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o. Àwọ̀ ọ̀dà, òrùlé, fẹ́ǹsì, gbogbo ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ̀wé lé lórí kí òṣìṣẹ́ tó dé. Ẹni tó bá dá a ṣe, owó ìtanràn ń bọ̀, wọ́n sì lè ní kó tú u palẹ̀.

Ṣùgbọ́n àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Lọ́dún 2021, ìjọba Texas ṣòfin pé níbi tí ilé bá ti ju 40 lọ, àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ò gbọ́dọ̀ sí nínú ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọkọ tàbí ìyàwó wọn náà ò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ bá kọ̀, kí wọ́n kọ ìdí ẹ̀ sílẹ̀, onílé sì ní 30 ọjọ́ láti ní òun fẹ́ kí àwọn aláṣẹ gbọ́ tẹnu òun. Láti 1996 sì ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti wà pé ẹgbẹ́ kankan ò lè ní kéèyàn má gbé díìṣì tẹlifíṣọ̀n tí kò fẹ̀ ju mítà kan lọ sí ilé ara ẹ̀.

Èyí tó wá léwu jù rèé: ní Texas, wọn ò lè tìtorí owó ìtanràn nìkan gba ilé onílé tà. Àmọ́ ẹni tó bá jẹ gbèsè owó ẹgbẹ́, wọ́n lè ta ilé mọ́ ọn lórí.

Nítorí náà, kí ẹni tó bá fẹ́ ra ilé lọ́hùn-ún ka ìwé àdéhùn tán kó tó kówó sílẹ̀. Kó gbàṣẹ lórí ìwé, kì í ṣe lẹ́nu. Kó sì má fowó ẹgbẹ́ ṣeré, bínú ẹ̀ ò tiẹ̀ dùn sí wọn.