Bíréèkì Ọkọ̀ Yín Ńkọ́?

Kí a tó gbéra ìrìn àjò ni a ti máa ń fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó nílùú Ìbàdàn, nítorí mo mọ̀ pé ọkọ̀ tó ti pẹ́ ni púpọ̀ nínú wa ń gùn.

Toyota tèmi ti lé ní ọdún 20. Bíréèkì iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ó ń rùn bí ohun tó ń jóná. Mẹkáníìkì tú kálípà méjèèjì. Kálípà ni irin tó gbá dísìkì mú, òun ló ń fi páàdì fún un tí táyà fi ń dúró. Ó fọ̀ wọ́n, ó sì dá wọn padà lọ́jọ́ kan náà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó mú. Mo padà lọ bá a. Ó fa afẹ́fẹ́ jáde títí, ike ọ́ìlì bíréèkì méjì ló lọ sí i, síbẹ̀ ẹsẹ̀ mi ń rì bí ẹni tẹ tìmùtìmù. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ máa lò ó, yóò mọ́ra." Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo tilẹ̀ gbàdúrà sí i!

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmọ mẹ́ta wà lẹ́yìn, a ń sọ̀kalẹ̀ láti Mápó sí Bẹẹrẹ. Mo tẹ bíréèkì, ó lọ sílẹ̀ pátá. Mo tún tẹ̀ ẹ́, kò sí nǹkan kan. Jíà kìn-ín-ní àti bíréèkì ọwọ́ ni Ọlọ́run fi gbà wá, pẹ̀lú òkìtì iyẹ̀pẹ̀ ẹni tó ń kọ́lé tí mo forí ọkọ̀ sọ. Ìyá elékuru kan nísàlẹ̀ ló kọ́kọ́ pariwo "Jésù!" kí èmi pásítọ̀ tó rántí.

Arákùnrin kan nínú ìjọ wa tó jẹ́ mẹkáníìkì wá wò ó. Kò tíì mú sípánà rárá tó fi ní, "Ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó, sà. Níbo ni nípù yìí wà?" Nípù ni ẹnu kékeré tí wọ́n ń tú kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Ìsàlẹ̀ ló wà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òkè ni afẹ́fẹ́ máa ń lọ nínú ọ́ìlì. Bí nípù bá wà nísàlẹ̀, ọ́ìlì nìkan ni yóò máa jáde, afẹ́fẹ́ yóò jókòó sókè. Wọ́n ti gbé kálípà ọ̀tún sí òsì, wọ́n gbé ti òsì sí ọ̀tún! Wọ́n jọra bí ìbejì, wọ́n sì wọlé wẹ́kú. Nípù nìkan ló ń tú àṣírí. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti wọ bàtà sí ọmọ lẹ́sẹ̀ lódì rí mọ ohun tí mò ń wí.

Ọlọ́run tó pàṣẹ pé kí ẹni tó bá kọ́lé ṣe ọgbà yí òrùlé rẹ̀ ká kí ènìyàn má baà jábọ́ (Diutarónómì 22:8), ǹjẹ́ kò ní béèrè ọ̀rọ̀ bíréèkì lọ́wọ́ mi?

Lójú mi ni arákùnrin náà ṣe tún un tò. Kò jẹ́ kí kálípà rọ̀ dirodiro lórí họ́ọ̀sì, okùn ló fi so ó kọ́, nítorí họ́ọ̀sì lè ya nínú láìhàn sójú. Gíríìsì tí wọ́n ṣe fún bíréèkì ló fi pa píìnì tí kálípà ń rìn lórí rẹ̀, kì í ṣe gíríìsì lásán tó ń mú rọ́bà wú. Ó pààrọ̀ wáṣà bàbà méjèèjì ibi tí họ́ọ̀sì ti wọ kálípà. Ọ́ìlì inú ike tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ni a lò, nítorí èyí tó ti wà ní ṣíṣí tipẹ́ a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ó sì lè hó bí bíréèkì bá gbóná. Èmi ń tẹ̀, òun ń tú nípù, ó ń dé e. Ẹsẹ̀ mi kò rì mọ́. Síbẹ̀ kò jẹ́ kí n jáde sí títì. Inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni a ti kọ́kọ́ dán an wò, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Mo padà lọ bá mẹkáníìkì àkọ́kọ́, kì í ṣe fún ìjà. Mo fi nípù hàn án. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló pe ọmọṣẹ́ rẹ̀ pé kó sáré lọ wá takisí kan tí wọ́n ṣe lọ́sẹ̀ yẹn.