Ìyà tí ọmọ jẹ nílé ẹ̀kọ́ kì í parí sí ilé ẹ̀kọ́

Bí ọmọ bá délé tó ní àwọn ẹgbẹ́ òun ń lu òun, tàbí pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, èsì tí púpọ̀ nínú àwa òbí máa ń fún un ni pé: “Ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, yóò kọjá lọ.” Lóòótọ́, ọmọdé a máa jà, wọn a sì parí ìjà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n irú ìyà kan wà tí kì í kọjá lọ bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí gbogbo òbí dá a mọ̀.

Kí ni bulí?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Dan Olweus, ọmọ Sweden tó ṣiṣẹ́ ní Norway, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ìwádìí jinlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí láti àwọn ọdún 1970. Nǹkan mẹ́ta ló fi ya bulí sọ́tọ̀ kúrò lára ìjà ọmọdé. Àkọ́kọ́, àmọ̀ọ́mọ̀ṣe ni. Èkejì, àṣetúnṣe ni. Ẹ̀kẹta, ẹni tó ń ṣe é lágbára ju ẹni tí wọ́n ń ṣe é sí lọ, yálà ó jù ú lọ lọ́jọ́ orí, tàbí àwọn tó ń ṣe é ló pọ̀. Kì í ṣe lílù nìkan. Èébú wà níbẹ̀, yíya ọmọ láṣo wà níbẹ̀, títan irọ́ nípa rẹ̀ kálẹ̀ lórí fóònù náà wà níbẹ̀.

Ohun tí ogójì ọdún fi hàn

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Scotland àti Wales, àwọn olùwádìí tẹ̀lé ìgbésí ayé àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo nínú oṣù kẹta ọdún 1958. Nígbà tí àwọn ọmọ náà wà ní ọmọ ọdún 7 àti 11, wọ́n bi àwọn òbí wọn bóyá àwọn ọmọ mìíràn ń fòòró wọn. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ láti King's College London gbé àbájáde jáde lórí 7,771 nínú wọn. Wọ́n ti tẹ̀lé wọn títí wọ́n fi pé ẹni àádọ́ta ọdún.

Ìbànújẹ́ ọkàn, àìbalẹ̀ ọkàn àti èrò láti gba ẹ̀mí ara ẹni wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn tí wọ́n fòòró léraléra ní kékeré. Ìwé tí wọ́n kà kò pọ̀ tó ti àwọn yòókù, alábàárò wọn kò tó nǹkan, ayé wọn kò sì tẹ́ wọn lọ́rùn. Àwọn olùwádìí náà ro ti ipò òbí àti làákàyè ọmọ mọ́ ọn, síbẹ̀ àpá bulí kò parẹ́.

Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà lójoojúmọ́ kì í sùn dáadáa, ọkàn rẹ̀ kì í sì í sí nínú ẹ̀kọ́. Tó bá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí gbà pé òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń pe òun. Aṣebi a máa gbàgbé, ẹni tí a ṣe é sí ni kì í gbàgbé.

Èébú tó ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́

Èébú kan wà tí ọmọ kì í lè sọ nílé: kí wọ́n máa pe ọmọkùnrin ní ọkùnrin-bí-obìnrin, tàbí kí wọ́n ní ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń wù ú. Ohùn rẹ̀, ìrìn rẹ̀, tàbí pé kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ti tó kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà á dákẹ́, nítorí ó ń bẹ̀rù pé òun ni àwọn òbí òun yóò bínú sí, kì í ṣe àwọn tó ń fìyà jẹ òun.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Jamie Nabozny nìyẹn ní ìlú Ashland, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1988 ni àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ ti ń bú u, tí wọ́n ń lù ú, nítorí ó ti sọ gbangba pé ọkùnrin ló ń wu òun. Wọ́n tọ̀ sí i lára ní ilé ìtọ̀. Nígbà kan wọ́n ta á nípàá níkùn léraléra títí ó fi ṣèṣe nínú. Òun àti àwọn òbí rẹ̀ fẹjọ́ sùn àìmọye ìgbà. Wọ́n ní bí àwọn ọmọkùnrin ṣe ń ṣe nìyẹn, àti pé kó máa retí rẹ̀. Ó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì fi ilé ìwé náà sílẹ̀ láìparí.

Ní ọdún 1996, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní ó lẹ́tọ̀ọ́ láti pe àwọn aláṣẹ ilé ìwé tí kò dáàbò bò ó lẹ́jọ́. Wọ́n dá mẹ́ta nínú àwọn aláṣẹ náà lẹ́bi, wọ́n sì fi owó tó lé ní 900,000 dọ́là parí ẹjọ́ náà. Ṣùgbọ́n owó kò lè dá ìgbà èwe padà.

Ẹnì kan lè sọ pé ẹ̀sìn wa ní ìdájọ́ tirẹ̀ lórí ìbálòpọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin. Ìyẹn kò sọ lílu ọmọ ọlọ́mọ di ẹ̀tọ́. Suuratul-Hujuraat, aayah 11, kọ yẹ̀yẹ́ àti orúkọ burúkú fún onígbàgbọ́.

Kí ni kí òbí ṣe?

Ẹ máa ṣàkíyèsí: inú rírun ní àárọ̀ ọjọ́ ilé ìwé, aṣọ tó ya, owó tàbí ìwé tó ń sọnù, ọmọ tó dédé ń dákẹ́. Bó bá sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ ọ parí, ẹ má kọ́kọ́ bi í pé kí ló ṣe fún wọn. Ẹ kọ ọjọ́ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ mú un lọ bá olùkọ́, lẹ́yìn náà ọ̀gá ilé ìwé. Bó bá sọ pé ayé ti sú òun, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ wo ti ọmọ tiyín náà, bóyá òun ló ń fìyà jẹ ẹlòmíràn. Ẹ sì ṣọ́ ẹnu yín nílé, nítorí èébú tí bàbá bá fi ń dápàárá lọ́jọ́ àìkú, ọmọ á gbé e lọ sí kíláàsì lọ́jọ́ ajé.

Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ àwọn ọmọ wa, kó má sì jẹ́ kí ọmọ wa di ìpọ́njú ọmọ ọlọ́mọ. Àámín.