Ìjímèrè Inú Ilé àti Ikọ́ Ẹ̀gbẹ Tí Kò Gbóògùn

Ikọ́ ẹ̀gbẹ, àrùn tí kòkòrò tíntìntín tí Robert Koch ṣàwárí ní ọdún 1882 ń fà, máa ń gba inú afẹ́fẹ́ láti ẹnu ẹni tí ó ń wúkọ́ wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹlòmíràn, kò sì yọ ọ̀bọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá so ọmọ ìjímèrè, ọ̀bọ pupa inú pápá Burkina Faso, mọ́lẹ̀ ní àgbàlá kan ní Koulouba láàárín ìlú Ouagadougou, níbi tí onílé, àlejò àti ọmọdé ti ń fọwọ́ bọ́ ọ, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní àrùn náà nínú wọn lè kó o ràn án.

Bí kòkòrò ara ènìyàn bá ti kọ oògùn, èyí tí ọ̀bọ bá kó lọ́dọ̀ rẹ̀ yóò kọ̀ ọ́ pẹ̀lú. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tí kò gbóògùn ni èyí tí isoniazid àti rifampicin, òpómúléró ìtọ́jú, kò ràn mọ́. Nínú àìmọye kòkòrò tí ó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, ìwọ̀nba díẹ̀ a máa yí padà tí oògùn kan kò fi ní lè pa wọ́n. Bí aláìsàn bá jáwọ́ kí oṣù mẹ́fà ìtọ́jú tó pé, tàbí tí ó lo ẹyọ oògùn kan dípò àkópọ̀, àwọn tí oògùn ràn ni yóò kú, àwọn olóríkunkun yóò sì máa bí sí i. Nítorí náà, ohun tí ó léwu gidigidi ni kí ẹni tí ó fẹ́ràn ọ̀bọ rẹ̀ máa fi oògùn ènìyàn pamọ́ sínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún un, nítorí pé yóò tu apá kan dànù, kòkòrò tí ó bá sì ṣẹ́kù lè padà sára ẹni tí ń bọ́ ọ.

Burkina Faso wà lára orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́sàn-án tí wọ́n dán ìtọ́jú olóṣù mẹ́sàn-án fún ikọ́ ẹ̀gbẹ tí kò gbóògùn wò láàárín ọdún 2013 sí 2015 fún aláìsàn 1,006, nígbà tí ìtọ́jú tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ń gba bí ogún oṣù. Ó yọrí sí rere fún ohun tí ó lé ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún wọn. Àmójútó ojoojúmọ́ tí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ń béèrè kò ṣeé ṣe fún ọ̀bọ tí ń bunijẹ, ó sì bani nínú jẹ́ pé pípa ni wọ́n sábà máa ń pa á.

Dídá a padà sínú pápá láìyẹ̀ ẹ́ wò kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ kéde pé wọ́n rí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ lára ìnàkí kan nínú igbó Taï, ní Côte d'Ivoire, èyí tí ó fi hàn pé àrùn náà lè dé ibi tí dókítà kankan kò sí, láàárín agbo ẹran tí ń gbé pọ̀ tímọ́tímọ́.