Àléfọ́ Ọmọdé àti Ìgbòdì Oúnjẹ: Àlàyé lórí Àrùn àti lórí Ọ̀rọ̀-Ìperí

1. Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí òwe yìí ti jẹ́ òótọ́ nípa ọmọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nípa àrùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá sọ orúkọ àrùn ní láti kọ́kọ́ wo ilé tí àrùn náà ń gbé, èyí ni ara ènìyàn. Lẹ́yìn èyí, ó ní láti wo ilé kejì, èyí tí í ṣe ọkàn àwọn tí yóò gbọ́ orúkọ náà. Bí ó bá wo ọ̀kan tí kò wo èkejì, orúkọ tí ó sọ lè pa ọmọ lára.

Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo ni ó mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan ní àdúgbò wa gbé ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún kan ààbọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn nítorí awọ ara tí ń yún un tí ó sì ń bó. Lẹ́yìn ìdánwò, nọ́ọ̀sì wí fún un pé, "Ìyá, ẹ má ṣe fún ọmọ yìí ní ẹyin mọ́ o. Èèwọ̀ ara rẹ̀ ni." Ohun tí nọ́ọ̀sì ní lọ́kàn tọ̀nà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá dé ilé, ìyá ọkọ rẹ̀ béèrè pé láti ìdílé wo ni èèwọ̀ náà ti wá, àti pé kí ni ó tún kù nínú rẹ̀ tí a kò tíì sọ fún wọn. Kí wọn má baà ṣẹ̀, wọ́n mú ẹyin kúrò nínú oúnjẹ ọmọ náà. Wọ́n mú ẹja kúrò. Wọ́n sì mú wàrà àti ẹ̀wà kúrò pẹ̀lú. Ògì lásán ni ọmọ ń mu fún nǹkan bí oṣù méjì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, irun rẹ̀ pọ́n, awọ ara rẹ̀ sì ń bó ju ti ìṣáájú lọ, tí wọ́n fi rò pé àrùn awọ náà ni ó le sí i. Kwashiorkor ni. Ọpẹ́ ni pé wọ́n tètè gbé e padà sí ọ̀dọ̀ dókítà, ọmọ náà sì yè.

Ní àárín ohun tí nọ́ọ̀sì sọ àti ohun tí ìdílé gbọ́ ni ewu ti wọlé. Nítorí náà, ohun méjì ni a fẹ́ ṣe níhìn-ín. A ó ṣàlàyé àrùn méjèèjì yìí àti ìtọ́jú wọn ní èdè Yorùbá; a ó sì dábàá àwọn ọ̀rọ̀-ìperí tí a lè fi sọ̀rọ̀ nípa wọn láìṣi ìyá ọmọ lọ́nà.

2. Àléfọ́

Yorùbá kò ṣàìní ọ̀rọ̀ fún àrùn awọ. Lára wọn ni làpálàpá, èélá, ifo, kúrúnà, ìléròrò àti àléfọ́. Àṣìṣe ni láti máa lo ọ̀kan fún òmíràn. Ẹ̀dá tín-tìn-tín tí ó bá ebu orí búrẹ́dì tan ni ó ń fa làpálàpá. Kúrúnà ni a sábà máa ń pe èyí tí kòkòrò kan ń fà, tí kòkòrò náà ń gbẹ́ ihò sínú awọ. Méjèèjì ni ó ń ran ẹlòmíràn. Àléfọ́ kì í ràn. Kò sí ìdí tí a ó fi ya ọmọ tí ó ní i sọ́tọ̀ nílé tàbí nílé ìwé.

Ìhun ọ̀rọ̀ yìí yẹ fún àkíyèsí. Bí a bá tú u, a ó rí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à-, ọ̀rọ̀-ìṣe lé (bí a ti ń wí pé eéwo lé), àti ọ̀rọ̀-ìṣe fọ́: ohun tí ó lé, tí ó sì fọ́. Ẹ́kísímà, orúkọ tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pè é, ti inú èdè Gíríìkì wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tí ó hó yọ síta. Àwọn èdè méjèèjì kò mọ ara wọn rí, síbẹ̀ ohun kan náà ni wọ́n rí lára awọ. Èyí fi hàn pé kò sí ìdí láti yá ọ̀rọ̀ níhìn-ín. Èyí tí a ní tó.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àléfọ́ ni ó ń fọ́. Lára ọmọ aláwọ̀ dúdú, ó lè gbẹ, kí ó le bí èèpo igi, kí ó sì sọ kóńkó-kóńkó níbi tí irun ti yọ. Àwọ̀ rẹ̀ kì í sábà pọ́n. Ó lè dúdú ju ara yòókù lọ, ó lè rí bí eérú, ó sì lè fi àpá funfun tàbí dúdú sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá lọ. Nítorí náà, olùtumọ̀ tí ó bá kọ ọ́ pé "kí ìyá máa wo ibi tí ó bá pọ́n", gẹ́gẹ́ bí àwọn ìwé ìlú Òyìnbó ti sábà ń kọ ọ́, ti kọ ohun tí ìyá náà kò ní rí. Àmì tí ó dájú jù ni yíyún. Bí awọ kò bá yún ọmọ, ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ àléfọ́ rárá.

Ní ti ohun tí ń fà á, ẹ jẹ́ kí a fi ògiri ṣe àpẹẹrẹ. Awọ tí ó péye dà bí ògiri tí amọ̀ di bíríkì rẹ̀ mú ṣinṣin. Awọ ọmọ tí ó ní àléfọ́ ní àlàfo láàárín bíríkì. Omi inú ara ń gba ibẹ̀ jáde, ohun àjèjì sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Ní ọdún 2006, àwọn olùwádìí ní Dundee ní ilẹ̀ Scotland fi hàn pé àbùkù nínú àbùdá tí ń ṣe purotéènì kan tí a ń pè ní filaggrin wà lára ohun tí ń dá àlàfo yìí sílẹ̀. Àbùkù náà wọ́pọ̀ láàárín àwọn ará Yúróòpù ju láàárín àwọn ènìyàn dúdú lọ, nítorí náà kì í ṣe òun nìkan ni okùnfà. Àrùn náà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún 5, nígbà mìíràn láàárín oṣù mélòó kan tí a bí i. Ó wọ́pọ̀ nínú ìdílé tí ikọ́ fée bá wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó sì ń fúyẹ́ fún bí wọ́n ti ń dàgbà.

3. Èèwọ̀ tàbí ìgbòdì?

Ní ọdún 1906 ni Clemens von Pirquet, dókítà àwọn ọmọdé ní Vienna, dá ọ̀rọ̀ náà álẹ́jì sílẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì: "òmíràn" àti "iṣẹ́". Ohun tí ó ń tọ́ka sí ni pé ara ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà mìíràn tí ó yàtọ̀ sí èyí tí ó yẹ. Ara ènìyàn ní ọmọ ogun tirẹ̀ tí ń bá àrùn jà. Nínú álẹ́jì, ọmọ ogun yìí ka ohun tí kò lè pani lára sí ọ̀tá, bí ẹyin, wàrà, ẹ̀pà tàbí edé. Ó ṣe ohun ìjà kan tí a ń pè ní IgE, tí àwọn onímọ̀ ṣàwárí láàárín ọdún 1966 sí 1967. Nígbà tí oúnjẹ náà bá tún wọlé, IgE a fọn fèrè ogun, ètè a wú, ara a lé, ọmọ a sì máa bì.

Àwọn kan ń pe èyí ní "èèwọ̀ ara". Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì rọrùn. Ṣùgbọ́n ìdí mẹ́ta ni a fi kọ̀ ọ́. Èkínní, èèwọ̀ jẹ́ ti ìdílé, ti ìlú tàbí ti òrìṣà. Ọmọ lè jogún ìtẹ̀sí sí álẹ́jì, ṣùgbọ́n kì í jogún oúnjẹ pàtó tí kò ní bá a lára mu. Èkejì, ẹni tí ó bá jẹ èèwọ̀ jẹ̀bi. Ọmọ tí ẹ̀pà pa lára kò jẹ̀bi ohunkóhun, ìyá rẹ̀ náà kò sì jẹ̀bi. Ẹ̀kẹta, èèwọ̀ kì í tán. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ tí wàrà tàbí ẹyin ń ṣe ni ó ń bọ́ nínú rẹ̀ bí wọ́n ti ń dàgbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ẹ̀pà kì í sábà lọ. Ní àfikún, èrò kan ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọmọ tí a bá fún ní ẹyin yóò jalè. Bí a bá tún gbé ọ̀rọ̀ èèwọ̀ ka orí èyí, ńṣe ni a ń fi epo sí iná.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣe ènìyàn ní ohun tí a kò retí, à ń wí pé, "Abẹ́rẹ́ náà gbòdì lára rẹ̀." Gbólóhùn yìí sọ ohun tí ó yẹ, kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ ṣàkíyèsí pé ohun tí ó wọ ara ni olùwà gbólóhùn náà, ara sì ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Láti inú ìhun yìí ni a ti lè ṣẹ̀dá ìyókù láìsí wàhálà: ìgbòdì ni ìṣẹ̀lẹ̀ náà, agbòdì ni ohun tí ń gbòdì, bí ẹ̀pà tàbí edé, onígbòdì ni ẹni tí ó ń ṣe. Èèwọ̀ kò lè bímọ báyìí.

A sì gbọ́dọ̀ ya ìgbòdì sọ́tọ̀ kúrò lára àìdà oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí inú wọn ń kùn lẹ́yìn tí wọ́n bá mu wàrà kò ní ìgbòdì. Ṣúgà inú wàrà ni kò dà nínú wọn. Àìdà ń ni ènìyàn lára, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ ogun ara, kì í sì í pani lójijì.

4. Bí àléfọ́ àti ìgbòdì ti kan ara wọn

Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé oúnjẹ ni ó ń fa àléfọ́, pé bí a bá ti rí oúnjẹ náà yọ kúrò, awọ yóò dán. Ìwádìí fi hàn pé ọ̀nà náà sábà máa ń gba òdìkejì lọ: awọ tí ó lálàfo ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún ìgbòdì. Ọmọ ogun ara tí ó bá kọ́kọ́ pàdé ẹ̀pà lójú ọgbẹ́ a kà á sí ọ̀tá. Èyí tí ó bá pàdé rẹ̀ nínú ikùn a máa gbà á bí oúnjẹ. Ìdí nìyí tí kò fi dára láti máa fi òróró ẹ̀pà pa ara ọmọ tí awọ rẹ̀ ti bó.

Ní ọdún 2000, àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà gba àwọn òbí ọmọ tí ìgbòdì wà ní ìdílé wọn nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe fún ọmọ ní ẹ̀pà títí yóò fi pé ọdún 3. Wọ́n yí ìmọ̀ràn náà padà ní 2008. Ní 2015 ni Gideon Lack àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde. Ọmọ 640 ni wọ́n fi ṣe é, láti oṣù 4 sí oṣù 11, tí àléfọ́ wọn le tàbí tí ẹyin ń gbòdì lára wọn. Nígbà tí wọ́n pé ọdún 5, ìgbòdì ẹ̀pà wà lára 17.2 nínú 100 àwọn tí kò jẹ ẹ̀pà, ṣùgbọ́n 3.2 péré nínú 100 ni ó wà lára àwọn tí ń jẹ ẹ́ déédéé. Ní 2017, ìwádìí kan ní Japan fi ohun tí ó jọ èyí hàn nípa ẹyin sísè díẹ̀díẹ̀ fún ọmọ tí ó ní àléfọ́. Nítorí náà, fífi oúnjẹ pamọ́ fún ọmọ láìnídìí lè dá ìgbòdì tí à ń sá fún sílẹ̀.

Ewu kejì ni ti ebi. Cicely Williams ni ó fi ọ̀rọ̀ náà kwashiorkor sínú ìwé ìṣègùn àgbáyé ní 1935, láti inú èdè Gá ní Gold Coast, ìlú tí a ń pè ní Gánà lónìí. Àwọn ìyá Gá ti mọ àrùn náà: òun ni àìsàn ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nítorí àbúrò rẹ̀. Awọ ọmọ tí ó ń ṣe a máa bó, èyí tí a lè ṣì pè ní àléfọ́ tí ó le. Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní 2001, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa ọmọ kan tí ó ní kwashiorkor nítorí pé omi ìrẹsì ni a fi rọ́pò wàrà fún un, torí àléfọ́.

5. Ìtọ́jú

Ọ̀rá pípa ni ìpìlẹ̀. Kí a fi omi lọ́wọ́wọ́ wẹ ọmọ, kí ìwẹ̀ náà má sì pẹ́. Kí a fi aṣọ tẹ omi kúrò lára rẹ̀ láìha á. Kí a sì fi ìpara amáwọrọ̀ tí kò ní òórùn dídùn pa á lójú ẹsẹ̀ nígbà tí ara ṣì tutù. Ojoojúmọ́ ni kí a máa ṣe é, àní ní ọjọ́ tí awọ bá dán pàápàá. Ọṣẹ líle, ọṣẹ dúdú pẹ̀lú, a máa gbẹ awọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Kí a gé èékánná rẹ̀, kí a sì wọ̀ ọ́ ní aṣọ òwú tí kò fún un lọ́rùn.

Bí àléfọ́ bá ru, dókítà lè fúnni ní ìpara sítẹ́rọ́ọ̀dù. Ìpara yìí kì í ṣe ọ̀tá bí a bá lo ìwọ̀n agbára rẹ̀ tí ó yẹ fún ọjọ́ orí ọmọ àti fún ibi tí ó ń ṣe é, fún iye ọjọ́ tí dókítà sọ. Ọ̀tá ni ìpara àdàlù tí a ń rà lọ́jà láìbéèrè, tí sítẹ́rọ́ọ̀dù líle wà nínú rẹ̀, àti ìpara ìbóra. Wọ́n a máa sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí àléfọ́ bá ń ṣọyún, tí ó dì ní ìpẹ́ aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, tàbí tí ibà bá wá, kí a tètè gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní ti oúnjẹ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ ọ́ kúrò láìsí ìdí tí dókítà rí. Ìdánwò ìgúnra tàbí ti ẹ̀jẹ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí. A ní láti mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọmọ jẹ oúnjẹ náà. Bí a bá sì ní láti yọ ọ̀kan, kí a fi òmíràn tí ó dọ́gba rọ́pò rẹ̀. Ọmọ tí àléfọ́ rẹ̀ le ní láti rí dókítà kí ó tó tọ́ ẹ̀pà wò. Ẹ̀pà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ lílọ̀ kúnná, nítorí odidi ẹ̀pà lè há ọmọ lọ́fun.

Bí ọmọ bá jẹun, tí èémí rẹ̀ ń fún, tí ohùn rẹ̀ há, tí ahọ́n rẹ̀ wú, tàbí tí ó ń dákú, ìgbòdì gbẹ̀mígbẹ̀mí ni. Abẹ́rẹ́ adrenaline tí a gún sí itan ni oògùn rẹ̀. Kí a má ṣe fi epo tàbí àgbo dá a dúró nílé. Ilé ìwòsàn ni kí a sáré gbé e lọ.

6. Àwọn ọ̀rọ̀-ìperí tí a dábàá

Àléfọ́ ọmọdé: àrùn awọ tí ń yún, tí kì í ràn, tí ó sábà bẹ̀rẹ̀ ní kékeré. A kò pè é ní "àléfọ́ ìgbòdì", nítorí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ìgbòdì wà nínú rẹ̀.
Ìgbòdì: ìjà tí ara ń bá ohun tí kò yẹ kí ó bá jà.
Agbòdì: ohun tí ń gbòdì lára ènìyàn.
Onígbòdì: ẹni tí nǹkan ń gbòdì lára rẹ̀.
Ìgbòdì gbẹ̀mígbẹ̀mí: ìgbòdì òjijì tí ó kan èémí tàbí ẹ̀jẹ̀.
Àìdà oúnjẹ: àìlè lọ oúnjẹ kan nínú ikùn, láìsí ìjà ara.
Ìpara amáwọrọ̀: ìpara tí ń mú awọ rọ̀ (mú + awọ → máwọ).
Ìdánwò ìgúnra: fífi abẹ́rẹ́ kékeré kan agbòdì mọ́ awọ láti wo ìṣesí rẹ̀.

7. Ìkádìí

Àwọn tí wọ́n ti ṣáájú wa nínú iṣẹ́ èdè-ìperí ti kọ́ wa pé ọ̀rọ̀-ìperí gbọ́dọ̀ ṣe kedere, kí ó ṣe ṣókí, kí ó sì lè bí ọ̀rọ̀ mìíràn. A fẹ́ fi ẹ̀kẹrin kún un fún ìmọ̀ ìṣègùn: kí ó má ṣe gbé ẹrù ẹ̀bi wọ ilé aláìsàn. Bí nọ́ọ̀sì ọjọ́ náà bá ti wí pé, "Ẹyin ń gbòdì lára ọmọ yín, ẹyin nìkan ni o, ẹ máa fún un ní ẹja àti ẹ̀wà, ẹ padà wá kí a tún wò ó," kò sí ẹni tí ìbá béèrè ìdílé tí ó ti wá. A fi àwọn ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún àyẹ̀wò àwọn ẹlẹgbẹ́ wa, pàápàá àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń bá ìyá ọmọ sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Lẹ́nu wọn ni a ó ti mọ èyí tí yóò dúró.