Fàájì Ìdílé ní Èkó Láìgbọn Àpò Gbẹ

Ọ̀pọ̀ òbí ní Èkó ló gbà pé àfi ọjọ́ tí owó bá wà lọ́wọ́ ni ìdílé tó lè jáde lọ gba afẹ́fẹ́. Àmọ́ bí èèyàn bá jókòó ṣírò ìnáwó ìjáde kan láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, yóò rí i pé owó ẹnu géètì kọ́ ló ń gbọn àpò gbẹ. Owó ọkọ̀ ni, àti owó ohun tí àwọn ọmọ ń rí lójú ọ̀nà: gálà níhìn-ín, mínírà lọ́hùn-ún, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá sì mú ọkọ̀ dúró, áísìkiriìmù ti dé ojú fèrèsé. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ètò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìjáde yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ tó wà láàárín ọdún 5 sí 17 máa fi ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, ó kéré tán, sáré, fò, gun nǹkan, kí èémí rẹ̀ yára. Fún àgbàlagbà, ìṣẹ́jú 150 láàárín ọ̀sẹ̀ ni wọ́n là kalẹ̀, ó kéré tán. Níbo ni ọmọ tó ń gbé yàrá kan ní Mushin tàbí Ajégúnlẹ̀, tí ilé ìwé rẹ̀ kò ní pápá, yóò ti rí ààyè sáré? Ìwádìí tún ti fi hàn pé bí ọmọdé bá ń pẹ́ níta nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ó ń dín ewu àìríran jìnnà kù. Nítorí náà, ìdílé tó bá ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ìjáde kò fi àkókò ṣòfò rárá.

Ọkọ̀ ojú irin ni ká kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò, torí pé ó ń dín owó kù, ó sì jẹ́ fàájì fúnra rẹ̀. Ká mú ìdílé kan ní Festac ṣe àpẹẹrẹ: bàbá, ìyá, ìyá-àgbà àti ọmọ mẹ́ta. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, nígbà tí èrò ọjà Balógun ti fà sẹ́yìn, wọ́n gun kẹ̀kẹ́ Márúwá dé Mile 2, wọ́n wọ Blue Line. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ yìí ti ń gbé èrò. Kìlómítà 13 ni láti Mile 2 dé Marina, ibùdókọ̀ márùn-ún péré ló sì wà níbẹ̀. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń wọlé, kí wọ́n ti kówó sí i ní ọjọ́ tó ṣáájú.

Lójú ọ̀nà, wọn yóò rí Gbọ̀ngàn Ìṣeré ńlá ní Ìgànmú, èyí tí wọ́n kọ́ fún FESTAC ọdún 1977, àjọ̀dún kan náà tí wọ́n torí ẹ̀ kọ́ àdúgbò wọn. Ìyá-àgbà lè ní ohun tó pọ̀ láti sọ níbí o. Kí wọ́n tó dé Marina, irin yóò gbé wọn gba orí ọ̀sà kọjá, omi lọ́tùn-ún, omi lósì, kí àwọn ọmọ fi imú lẹ gíláàsì.

Ẹsẹ̀ ló kù ní Marina. Ní Martins Street, Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894 ṣì dúró digbí. João Baptista da Costa, Àgùdà kan, ló kọ́ ọ, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn tó ti Brazil padà wálé. Ní Kakawa, Ilé Omi wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta omi kànga fún ará Èkó kí omi ẹ̀rọ tó dé. Wíwo ilé láti ìta kò gba owó. Lẹ́yìn náà ni Freedom Park ní Broad Street, ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó amúnisìn tẹ́lẹ̀, tó di ọgbà ìgbafẹ́ ní ọdún 2010. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ẹlẹ́wọ̀n ti di orí ìtàgé. Kí òbí má bẹ̀rù láti sọ ìtàn yìí fọ́mọ. Owó díẹ̀ ni wọ́n ń gbà lẹ́nu géètì, òjìji igi sì wà.

Ẹni tó bá ń gbé ní Agége, Ìjú tàbí Agbádó ní Red Line, tí òun bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọdún 2024, títí dé Oyíǹgbò. Bí ó bá sọ̀ ní Ìkejà, yóò tún wọkọ̀ díẹ̀ dé Aláùsá, níbi tí Ndubuisi Kanu Park àti JJT Park wà. Ẹní àti bọ́ọ̀lù ti tó níbẹ̀.

Lekki Conservation Centre wọ́n ju ìwọ̀nyí lọ, kí ìdílé máa tọ́jú owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Láti ọdún 1990 ni igbó hẹ́kítà 78 yìí ti wà lábẹ́ ààbò. Afárá tó gba àárín orí igi kọjá níbẹ̀ gùn tó mítà 401, ó sì máa ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀, nítorí náà kí ẹni tí òòyì ń kọ́ dúró sórí afárá pákó tó wà nísàlẹ̀. Àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ gbọ́n féfé: ọmọ tó bá mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ kò ní pẹ́ pàdánù rẹ̀. Kí wọ́n má fún wọn lóúnjẹ o, ọ̀bọ lè gé èèyàn jẹ.

Tarkwa Bay, tí ọkọ̀ ojú omi nìkan ń dé, dákẹ́ ju etíkun tó dojú kọ òkun gbangba lọ. Síbẹ̀, kí òbí kọ̀ láti wọ ọkọ̀ tí kò bá ní jákẹ́ẹ̀tì ìdáàbòbò tó bá ọmọ mu, nítorí ti àgbàlagbà máa ń bọ́ lọ́rùn ọmọdé nínú omi. Kí wọ́n padà kí oòrùn tó wọ̀. Bí omi bá ń fa ẹni lọ sínú òkun, kí ó má bá a jà. Kí ó lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ títí agbára omi yóò fi dín kù, kó tó kọjú sí èbúté.

Oúnjẹ ilé ló ń dá owó dúró. Àkàrà, ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídín, mọ́ínmọ́ín ewé, gbogbo rẹ̀ rọrùn láti gbé. Ìrẹsì tó ń gbóná hoo nínú kúlà dára, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ ju wákàtí méjì lọ, kí wọ́n dà á nù, nítorí inú rírun yóò gba owó jù ú lọ. Kí omi pọ̀ ju mínírà lọ.

Oṣù Kẹjọ, tí òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀, tí ilé ìwé sì wà ní ìsinmi, jẹ́ àkókò tó tura. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n wà lábẹ́ òjìji láti agogo 12 sí 3. Ọmọ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde gbọ́dọ̀ máa mu omi lóòrèkóòrè, kí ó má sáré títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, kí òtútù má sì mú un. Oògùn ikọ́ fée àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́dọ̀ kù sílé. Kí wọ́n tó jáde, kí ìyá fi bíírò kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí apá àwọn tó kéré jù, kí gbogbo àgbàlagbà sì mọ̀ pé 767 tàbí 112 ni wọ́n ń pè ní Èkó bí nǹkan pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀.