Ṣé O Mọ̀? Àwọn Ìyanu Etí Òkun fún Ará Alajue Tó Ń Múra Ìrìn-Àjò Afẹ́

Ṣé o mọ̀ pé omi Ẹdẹ ti mọ ọ̀nà òkun tipẹ́? Odò Ọ̀ṣun tó gba ẹ̀bá ìlú Tìmì kọjá kì í dúró níbẹ̀. Ó ń wọ́ lọ sí gúúsù, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó já sí ọ̀sà Lẹ́kìí, ibẹ̀ ló sì ti ń bá ọ̀sà Èkó wọ inú òkun. Ará Alajue ní Ẹdẹ tó bá ń tọ́jú owó nítorí ìsinmi lórí òkun, ọ̀nà àtijọ́ ló fẹ́ tọ̀. Láti Èkó títí dé Dakar, ó ṣòro láti rí èbúté ńlá tí Yorùbá kò tíì fẹsẹ̀ kàn: ẹlòmíràn nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ẹlòmíràn pẹ̀lú igbá ọjà lórí. Ìmọ̀ràn mi kò ju ẹyọ kan lọ: ibi tí wọ́n fẹsẹ̀ kàn yẹn ni kó o fi to ìrìn-àjò rẹ, má fi àwòrán òtẹ́ẹ̀lì tò ó.

Ṣé o mọ̀ pé ìgbà kan wà tí ènìyàn lè wọ rélùwéè ní Ẹdẹ, kó sọ̀ ní Èkó, kó sì bọ́ sínú ọkọ̀ òkun tó ń lọ sí Liverpool? Ojú irin gba Ẹdẹ kọjá kó tó dé Òṣogbo ní ọdún 1907. Ní ti òkun, ilé iṣẹ́ Elder Dempster ló ń gbé lẹ́tà àti èrò. Ní 1951 ni wọ́n gbé èyí tó lókìkí jù nínú ọkọ̀ wọn jáde, Aureol, tí wọ́n fi òkè kan ní Freetown sọ lórúkọ. Bíi ọjọ́ 13 ló ń lò lójú omi láti Liverpool sí Èkó, ó sì máa ń yà ní Las Palmas, Freetown àti èbúté Gánà. Odò ìlúwẹ̀ wà lórí rẹ̀, yàrá ìjẹun tí àwọn ènìyàn ń múra lọ sí náà wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀ ọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba wọ̀ ọ́, ìyàwó tó ń lọ bá ọkọ nílùú òyìnbó náà wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ òfuurufú ló gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ní 1974 ó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà. Wọ́n tà á, wọ́n sì sọ ọ́ di ilé tí òṣìṣẹ́ ń gbé ní èbúté Jiddah.

Ṣé o mọ̀ pé inú àpótí ni wọ́n ti ń sọ èrò kalẹ̀ láti ọkọ̀ òkun ní etíkun wa nígbà kan? Ẹnu òkun Èkó kún fún iyanrìn tó ń ṣí kiri lábẹ́ omi, ọkọ̀ ńlá kò sì lè wọlé wẹ́rẹ́ kí wọ́n tó to òkúta ńláńlá sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìta lọ́hùn-ún ni ọkọ̀ ń dúró sí. Ènìyàn méjì tàbí mẹ́rin á jókòó nínú àpótí onígi, ẹ̀rọ á gbé wọn sókè, á sì rọra sọ̀ wọ́n sínú ọkọ̀ kékeré tó ń jó lórí ìgbì. Ní Accra, àwọn atukọ̀ ni wọ́n ń wa èrò àti ẹrù la ìgbì já lọ sí iyanrìn, títí èbúté Tema fi ṣí ní 1962.

Lónìí, èbúté pọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ afẹ́ ńláńlá kò wọ́pọ̀ ní Apapa. Àwọn tó ń ti Yúróòpù lọ sí Cape Town ló máa ń yà ní Dakar, Banjul, Takoradi tàbí Tema, Lomé àti Kùtọnù, pàápàá láàárín oṣù Ọ̀wàrà sí Igbe. Ọ̀nà méjì ló wà fún ọ nígbà náà. O lè lọ wọkọ̀ ní ọ̀kan nínú àwọn èbúté wọ̀nyẹn. O sì lè máa bá etíkun lọ díẹ̀díẹ̀, kí o wọ mọ́tò níbi tí ọ̀nà wà, kí o sì wọ ọkọ̀ ojú omi níbi tí ọ̀sà wà. Ọ̀nà kejì kò wọ́n tó ti àkọ́kọ́, ohun tí wàá fojú rí sì pọ̀ jù ú lọ.

Ṣé o mọ̀ pé kò pọn dandan kí o fojú kan ìgbì kí o tó fi omi dé orílẹ̀-èdè mìíràn? Ọ̀sà tó bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ń bá ẹ̀yìn etíkun lọ, ó kọjá Àgbádárìgì, ó dé Àjàṣẹ́ tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo. Ọ̀nà ọlọ́jà ni, ọkọ̀ onípálábà sì ti gbé epo, iyọ̀ àti aṣọ gba ibẹ̀ kí ọ̀nà ọ̀dà tó dé. Yà ní Àgbádárìgì. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n parí ní 1845 ṣì dúró níbẹ̀, òun sì ni wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Wọ ọkọ̀ kọjá sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú, ibi tí àwọn ẹrú ti rìn gba iyanrìn lọ sẹ́nu òkun.

Ṣé o mọ̀ pé mọ́sálásí kan wà ní Àjàṣẹ́ tó jọ ilé ìjọsìn Kátólíìkì láti iwájú? Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíl tí àwọn àti ọmọ wọn padà wálé, mú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà bọ̀. Musulumi wà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ mọ́sálásí ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, irú ilé tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n kọ́ ní Bahia ni wọ́n kọ́, pẹ̀lú ọ̀dà aláràbarà àti òdòdó amọ̀ lára ògiri. Bí o bá ti rí àwọn ilé àtijọ́ ní Campos, ní Èkó, ojú rẹ á mọ iṣẹ́ ọwọ́ yẹn kíá.

Ṣé o mọ̀ pé odindi ìlú lè sá wọ inú omi, kí ó má sì jáde mọ́? Ganvié nìyẹn, lórí adágún Nokoué, lẹ́bàá Kùtọnù. Àwọn Tofinu tó ń gbé ibẹ̀ sá fún àwọn tó ń kó ẹrú, wọ́n ri òpó igi mọ́lẹ̀ nínú omi, wọ́n sì kọ́lé lé e. Ìtàn wọn sọ pé òrìṣà kò gba àwọn jagunjagun Dahomey láyè láti jà lórí omi. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń gbé ibẹ̀ dòní. Inú ọkọ̀ ni ìyá ọlọ́jà ń pàtẹ sí, ọmọdé kékeré sì ń wa ọkọ̀ lọ sí iléèwé. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kó o lọ, nítorí ọjà máa ń tú nígbà tí oòrùn bá ti mú.

Ṣé o mọ̀ pé Potogí kò jáde kúrò ní Ouidah títí di 1961? Odi kékeré kan tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ní ọ̀rúndún 18 ṣì wà lọ́wọ́ wọn nígbà tí Dahomey, tí à ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí, gba òmìnira ní 1960. Nígbà tí ìjọba tuntun ní kí wọ́n kẹ́rù wọn, òṣìṣẹ́ Potogí tó wà níbẹ̀ dáná sun ún kó tó lọ. Wọ́n tún un kọ́, ó sì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní ìlú kan náà, ilé àwọn erè àti ilé ìjọsìn Kátólíìkì ńlá dojú kọ ara wọn. Ẹni tó ti ilé ìjọsìn jáde lè kọjá títì lọ gbé erè kọ́rùn. Ẹnu ọ̀nà ńlá tí wọ́n kọ́ sí etí òkun fún ìrántí àwọn tí kò padà mọ́ kò jìnnà síbẹ̀. Inú oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ni ìsinmi Vodun máa ń bọ́ sí ní orílẹ̀-èdè náà, èrò a sì máa rọ́ dé láti Bràsíl àti Haiti. Bí àkókò yẹn lo bá fẹ́ lọ, tètè wá yàrá.

Ṣé o mọ̀ pé wàá jèrè wákàtí kan ní ẹnubodè Hilla-Condji? Aago Bẹ̀nẹ̀ àti ti Nàìjíríà dọ́gba, ṣùgbọ́n Tógò fi wákàtí kan kẹ́yìn. Bí o bá kúrò ní Bẹ̀nẹ̀ ní aago mẹ́wàá, aago mẹ́sàn-án ló máa ń lù ní Tógò. Owó wọn kò yí padà ní tiẹ̀: sẹ́fà kan náà ni Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Ivory Coast àti Sẹ̀nẹ̀gà ń ná. Gánà tó wà láàárín wọn ló ń ná sídì, nítorí náà má ṣẹ́ gbogbo sẹ́fà rẹ ní Lomé. Ní Lomé yìí kan náà ni àwọn ìyá aláǹkárà kan ti lówó tó bẹ́ẹ̀ tí aráàlú fi ọkọ̀ Mercedes-Benz tí wọ́n ń gùn sọ wọ́n lórúkọ: Nana Benz. Ẹni tó bá fẹ́ ra aṣọ ẹbí, ibẹ̀ ni kó dá owó sí.

Ṣé o mọ̀ pé òjò Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Accra, bẹ́ẹ̀ etí òkun kan náà ni wọ́n wà? Láàárín oṣù Agẹmọ sí Ọwẹ́wẹ̀, omi tútù máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun níwájú Gánà àti Tógò. Afẹ́fẹ́ tó bá gba orí omi tútù kọjá kì í sábà gbé òjò. Ìdí kan nìyẹn tí igbó kìjikìji fi já láàárín Gánà àti Bẹ̀nẹ̀, tí pápá gbalasa sì dé etí òkun. Ní Dakar, àkókò ọyẹ́ gan-an ni omi òkun ń tutù nini. Oṣù Bélú sí Èrèlè ló dára jù fún ìrìn-àjò láti Èkó sí Elmina ní Gánà. Òjò ti lọ, ọ̀nà gbẹ. Mú ìpara dání nítorí ọyẹ́. Má sì wẹ̀ ní òkun tí àwọn apẹja ìlú kò bá wẹ̀, nítorí ìgbì etíkun yìí máa ń fa ènìyàn lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ìlà tí gbogbo ayé fi ń ka aago gba inú Tema kọjá? Bí ọkọ̀ bá kúrò níbẹ̀ tó forí lé gúúsù tààrà, lẹ́yìn nǹkan bí 600 kìlómítà yóò dé ibi tí ìlà yẹn àti ìlà tó pín ayé sí méjì ti pàdé. Òfo ni nọ́ńbà ibẹ̀, bí o ti wù kó o kà á. Kò sí erékùṣù níbẹ̀, àfi ẹ̀rọ kan tó léfòó tí wọ́n fi ń wo ojú ọjọ́. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ afẹ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ ré ìlà ìdajì ayé kọjá, wọn á da omi sí i lórí, wọn á sì bá a ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé ilé olódi Elmina ti wà kí Columbus tó rí Amẹ́ríkà? Potogí bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1482, ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìrìn-àjò yẹn. Wúrà ni wọ́n kọ́kọ́ wá rà. Ẹrú ló kẹ́yìn rẹ̀. Yàrá tí wọ́n ń ti ènìyàn mọ́ wà nísàlẹ̀, yàrá gómìnà wà lókè rẹ̀ gan-an. Fún un ní odindi ọjọ́ kan. Kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń sáré wọ̀, tó ń sáré jáde.

Ṣé o mọ̀ pé nítòsí Ẹdẹ níhìn-ín, ìlú kan wà tí wọ́n ti ń sọ Faransé lọ́jà? Èjìgbò ni. Láti ìran dé ìran ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń ṣòwò ní Abidjan, ọkọ̀ akérò sì ń ti Èjìgbò lọ síbẹ̀ tààrà. Kí o tó náwó lórí ìwé atọ́nisọ́nà, lọ jókòó ti àgbà kan ní Èjìgbò fún ìrọ̀lẹ́ kan. Òun ló mọ ẹnubodè tó rọrùn, oúnjẹ tó dára àti ibi tí ọmọ ilé wà. Òun náà ló lè sọ fún ọ nípa oṣù Bélú 1969, nígbà tí ìjọba Gánà fún àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi jáde, tí ọ̀pọ̀ Yorùbá fi ilé àti ọjà sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ṣé o mọ̀ pé eégún ń jó ní Freetown? Àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì máa ń gba ẹrú lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ Potogí, wọ́n a sì kó wọn sọ̀ síbẹ̀. Àjàyí Crowther, ọmọ Ọ̀ṣogùn, wà nínú wọn ní 1822. Àwọn tó padà wálé la ń pè ní Sàró. Àwọn tó jókòó sọ́hùn-ún kò gbàgbé ilé: wọ́n ń gbé eégún jáde, wọ́n ń kó ọmọ jáde, wọ́n sì ń wọ aṣọ ẹbí títí dòní.

Ṣé o mọ̀ pé Yemọja ti ṣí lọ sínú òkun? Nílé, odò Ògùn ni ti rẹ̀. Ní Salvador, ní Bràsíl, òkun ni. Lọ́jọ́ 2 oṣù Èrèlè, àwọn apẹja Rio Vermelho máa ń kó òdòdó àti lọ́fínńdà lọ fún un lójú agbami, èrò a sì kún etíkun bámúbámú. Wọ́n ń ta àkàrà elépo ní ìkòríta ibẹ̀. Ní Kúbà, Ẹrinlẹ̀, tí odò rẹ̀ ń ṣàn létí Ẹdẹ tí wọ́n sì ti dínà omi rẹ̀ fún ẹ̀rọ omi wa, ni wọ́n ń bọ lórúkọ Inle. Òyìnbó pàápàá ti rin ọ̀nà yìí wá sọ́dọ̀ wa: Ẹdẹ ni Susanne Wenger, ará Austria, ti bá Ajagẹmọ, olórí àwọn abọ̀rìṣà Ọbàtálá, pàdé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, kó tó kó lọ sí Òṣogbo.

Ṣé o mọ̀ pé láti Èkó dé Dakar, kò sí físà tí ìwọ ọmọ Nàìjíríà máa gbà? Òfin ECOWAS tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1979 fún ọ ní 90 ọjọ́ ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Kò yọ páàsípọ́ọ̀tì tó ṣì lágbára kúrò níbẹ̀, kò sì yọ káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Abẹ́rẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá lára rẹ kí wọ́n tó kà á sí. Lẹ́yìn náà, títí ayé ni. Bràsíl ní tiẹ̀ kò sí nínú ECOWAS, físà ni. Nítorí náà, bí Ouidah ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ bá wù ọ́, jẹ́ kí páàsípọ́ọ̀tì wà nílé kí oṣù Ọ̀wàrà tó parí, gba abẹ́rẹ́ ní oṣù Bélú, kí o sì san owó yàrá kí ọdún Kérésì tó dé. Bí ó bá jẹ́ Bahia ní oṣù Èrèlè ló wù ọ́, ọdún tó ṣáájú ni kó o ti bẹ̀rẹ̀.