Níbo Ni Wọ́n Ń Da Ẹ̀gbin Ọkọ̀-Ilé Sí?

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, a rò pé ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ń rìnrìn-àjò nínú ọkọ̀ tó ní yàrá, ilé ìdáná àti ilé ìgbẹ́. Táǹkì ìgbẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀; ti omi ìwẹ̀ àti omi àwo wà lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá dé ìlú kékeré, ọgbà ìpàgọ́ tàbí ilé epo ńlá ni wọ́n ti ń béèrè ibi ìdàgbẹ́. Ìgbẹ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ tú, kí omi ìwẹ̀ lè ṣan rọ́bà lẹ́yìn. Ẹni tó dà á sí gọ́tà ń ba omi oníle jẹ́. Bí àlejò bá sì sọ ibẹ̀ di ààtàn, ìlú lè tì í pa. Ohun tó jẹ́ ti gbogbo wa, gbogbo wa la ó tọ́jú rẹ̀ o.